Oòrùn Ilé Noeline

Ní gbogbo oṣù kẹfà ọdún yẹn, tó jẹ́ àárín ìgbà òtútù lápá gúúsù ayé lọ́hùn-ún, oòrùn olóòrùn ni Averil Strachan ń ṣọ́. Bí òjò kò bá ti rọ̀, tí ìkùukùu kò sì bo àwọn òkè Dunedin, yóò dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ láago méjìlá ọ̀sán, yóò gba ẹnu géètì kékeré tó wà láàárín ọgbà méjèèjì kọjá, yóò sì lọ jókòó sílé ìdáná ọ̀rẹ́ rẹ̀, Noeline Rutter, pẹ̀lú ìwé pélébé kan àti bírò. Bí oòrùn bá kan ibi ìfọwọ́, á kọ aago rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá dé orí tábìlì, á kọ ọ́. Bó bá wá fi ara ògiri sílẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́ta ààbọ̀, á wo aago ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó kọ ọ́, torí ó ti gbọ́ pé àwọn èèyàn kánsù fẹ́ràn nọ́ńbà ju omijé lọ.

"O ti wá dọdẹ oòrùn," ni Noeline á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Tó bá sọnù báyìí, ìwọ ni wọ́n á mú."

"Jẹ́ kó kọ́kọ́ dé ná. Oòrùn ìlú wa yìí, àlejò tí kì í bọ́ bàtà ni. Ìdúró ló ń kí èèyàn."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, Noeline á wúkọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀rín náà, á sì yọ búrẹ́dì wàràkàṣì gbígbóná jáde nínú ààrò. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí wọ́n ti jọ ń jẹ búrẹ́dì yẹn. Nígbà tí ọkọ Averil kú, Noeline ló sùn tì í fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n gbé Noeline lọ sí ọsibítù nítorí àyà rẹ̀, Averil ló ń bọ́ ológbò rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ológbò náà kò fẹ́ràn rẹ̀.

Ohun tó fa kíka oòrùn ni ilé nọ́ńbà kẹsàn-án, ilé orígun títì. Bàbá arúgbó tó ń gbé ibẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti ta ilé náà fún ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Brent Cadwallader. Òfin àdúgbò náà ṣe kedere: ilé gbígbé ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí èyí tó gbọ́dọ̀ ga ju àjà méjì lọ tàbí kó fi ara ti ọgbà ẹlòmíì. Brent mọ òfin náà. Ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ kánsù ni pé kí wọ́n yọ òun nìkan sẹ́yìn òfin, kí òun wó ilé bàbá náà, kí òun kọ́ alájà mẹ́rin síbẹ̀, yàrá mẹ́rìnlélógún fún àwọn ọmọ yunifásítì. Gbogbo Dunedin ló mọ̀ wọ́n, àwọn tó ń dáná sun àga ìjókòó láàárín títì nígbà tí ìdánwò bá parí.

Ìhà àríwá ni oòrùn ti ń wọlé ní ilẹ̀ ibẹ̀, nọ́ńbà kẹsàn-án sì wà ní àríwá ilé Noeline gan-an. Bí wọ́n bá kọ́ alájà mẹ́rin síbẹ̀, Noeline á fi gbogbo ìgbà òtútù jókòó sínú òjìji. Ògiri ilé rẹ̀ a máa bu bíi búrẹ́dì ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àyà rẹ̀ kò sì gba ohun tó bu rárá. Averil wà ní ìlà-oòrùn nọ́ńbà kẹsàn-án, ẹ̀yìnkùlé òun àti ti Noeline pàdé ní igun kan. Ní tirẹ̀, oòrùn ìrọ̀lẹ́ nìkan ló máa pàdánù. Ẹni tó bá gbọ́ á ní ìyẹn kéré. Ṣùgbọ́n aránṣọ ni Averil, yàrá ẹ̀yìn ló gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin sì ni. Bó bá ti di abẹ́ iná mànàmáná, kò rí òwú dúdú lórí aṣọ dúdú mọ́. Ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ yẹn ló ń bọ́ ọ. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì purọ́ fún ara rẹ̀, àmọ́ ó ti ka ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣáájú tirẹ̀. "Àìríran dáadáa kò pa èèyàn," ló sọ. "Àyà lè pa á."

Kánsù kọ lẹ́tà sí àwọn méjèèjì nìkan, pé àwọn ni ọ̀rọ̀ kàn jù, àwọn nìkan ló sì lè wá sọ tẹnu wọn níbi ìgbẹ́jọ́. Ọjọ́ kejì ni Brent kan ilẹ̀kùn Averil, nínú ṣòkòtò péńpé láàárín òtútù, bí àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ti máa ń ṣe bí ẹni pé egungun wọn kò gbọ́ nípa yìnyín rí.

"Averil, fọ́ọ̀mù kékeré kan ni," ló wí. Averil jù ú lọ dáadáa, ṣùgbọ́n níbẹ̀, orúkọ ni ọmọdé fi ń pe àgbà, kò sì sí ohun tó ń ṣe wọ́n. "Fọ́ọ̀mù aládùúgbò. Ẹ kàn máa buwọ́ lù ú níbí, kí ẹ kọ lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ yín sí ẹsẹ̀ ìwé àwòrán ilé kọ̀ọ̀kan. Ó tán."

"Tí mo bá buwọ́ lù ú ńkọ́, kí ló máa ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí nǹkan. Ó kàn fi hàn pé a ò jà."

Averil kì í ṣe ẹran. Ó lọ bi obìnrin kan ní kánsù, ìyẹn sì là á yé e: ẹni tó bá buwọ́ lu fọ́ọ̀mù yẹn, òfin ti di ojú sí ìyà ẹni náà nìyẹn. Ì báà jẹ́ inú òkùnkùn biribiri ni wọ́n máa sọ ọ́ sí, ẹni tó ń gbẹ́jọ́ kò gbọ́dọ̀ wò ó, kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ, nítorí olóhun ti ní kò kan òun.

Averil sáré lọ sílé Noeline lọ́jọ́ náà pẹ̀lú bàtà ilé lẹ́sẹ̀. Ìparí oṣù karùn-ún ni. Níbi tábìlì ìdáná yẹn ni wọ́n ti ṣe àdéhùn: kò sí ẹni tó máa buwọ́ lù ú.

"Èmi kẹ̀?" ni Noeline wí. "Ti èmi ti wà nínú àpótí ìdọ̀tí pẹ̀lú èèpo ẹyin. Tí mo bá buwọ́ lù ú, kí n má mu tíì gbígbóná mọ́ láyé mi. Àmọ́ ìwọ ni kó o sọ̀rọ̀ o. O mọ̀ mí, tí mo bá rí àwọn onítáì, ikọ́ ni mò ń wú."

Báyìí ni Averil ṣe gba ẹjọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ rò. Òwúrọ̀ àti abẹ́ àtùpà ló wá fi ń ránṣọ, ojú ń ta á, ọ̀sán tó dára ló fi ń ka oòrùn. Ìwé tó kọ sí kánsù jẹ́ ojú ewé mọ́kànlá. Mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ dá lórí ilé Noeline: oòrùn orí tábìlì, okùn tí Noeline ń sá aṣọ sí, ìwé dókítà, àwòrán ògiri tó bu. Méjì tó kù dá lórí òfin àdúgbò, pé bí a bá ti yọ ẹnì kan sẹ́yìn òfin, ọ̀la ni ẹlòmíì á dé. Nípa ilé tirẹ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo ló kọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá: "Ilé tèmi náà máa fara gbá nínú rẹ̀ díẹ̀." Ìtìjú ni kò jẹ́ kó kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò fẹ́ kó dà bíi pé tara rẹ̀ ló ń wá.

Ó ní kí Noeline náà fi orúkọ sí i. Noeline ní, "Orúkọ rẹ nìkan ti tó. Tí méjì bá pọ̀, wọ́n á ní a dìtẹ̀."

Ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìgbẹ́jọ́, kánsù fi ìwé àlàyé ẹjọ́ náà ránṣẹ́, ó nípọn bíi bíríkì. Averil ní aṣọ ìyàwó mẹ́ta nílẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Noeline dé, ó rí ìwé náà lórí àga.

"Gbé e fún mi," ló wí. "Mo máa bá ọ kà á. Ó kéré tán, ìyẹn ni mo lè ṣe."

Ó dá a padà lọ́jọ́ kẹta. "Àtẹnumọ́ lásán ni," ló wí. "Kò sí ohun tuntun níbẹ̀." Averil dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dì mọ́ ọn pàápàá.

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹjọ ni ìgbẹ́jọ́. Yàrá kékeré kan lókè ilé ìkàwé ni, ó gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tí wọ́n yàn láti gbẹ́jọ́ jẹ́ obìnrin onírun funfun, Ìyáàfin Tamblyn, ohùn rẹ̀ tutù, ó sì ń dúró de èèyàn kó sọ̀rọ̀ tán. Brent jókòó pẹ̀lú lọ́yà rẹ̀. Ó ti wọ ṣòkòtò gígùn. Noeline jókòó lórí àga ẹ̀yìn, ó fi báàgì sórí itan. Averil ti ní kó jókòó síwájú, ó ní ẹ̀yìn tẹ́ òun lọ́rùn.

Wọ́n pe Averil. Ó wọ gíláàsì rẹ̀, ó tún ohùn ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí kà: "Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà, oòrùn wọ ilé ìdáná Ìyáàfin Rutter ní aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ—"

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyáàfin Strachan, ẹ dúró ná," ni Ìyáàfin Tamblyn wí. "Ilé Ìyáàfin Rutter, nọ́ńbà kọkànlá, lẹ̀ ń sọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ma. Ibẹ̀ ni ìyà pọ̀ sí jù."

"Mi ò lè gba ìyẹn wọlé. Òfin ò jẹ́ kí n gbé e yẹ̀ wò. Ẹni tó ni ilé náà ti buwọ́ lu fọ́ọ̀mù aládùúgbò."

Averil rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gidi ni, bí èèyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá fi orúkọ ẹlòmíì pè é. "Àṣìṣe ni, ma. Olóhun ló jókòó sẹ́yìn un. Noeline, dákun, sọ fún wọn."

Ó yíjú padà. Noeline ń wá nǹkan nínú báàgì rẹ̀. Ó ń wá a, ó ń wá a, kò sì gbójú sókè.

Obìnrin kánsù mú ìwé náà wá fún Averil kó fojú ara rẹ̀ rí i. Fọ́ọ̀mù náà rèé. Ìwé àwòrán mẹ́jọ rèé, lẹ́tà N àti R sì wà ní ẹsẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, R yẹn tó ní ìrù gígùn, tí Averil ti ń rí lára káàdì Kérésìmesì fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Kò sí ẹni tó ń kọ R bẹ́ẹ̀ láyé. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i ni ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹfà.

"Ó wà nínú ìwé àlàyé ẹjọ́ tí a fi ránṣẹ́ sí yín," ni Ìyáàfin Tamblyn wí jẹ́jẹ́. "Ojú ewé ogójì. Ṣé ẹ ò rí i ni?"

Averil fẹ́ sọ pé, "Wọ́n bá mi kà á," ṣùgbọ́n ó tún wo R onírù gígùn náà. Àwọn àgbà ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, ilé ni aṣeni ń gbé; ó dùn ún pé òun ti sọ géètì tó wà láàárín ẹ̀yìnkùlé méjèèjì di ẹnu ọ̀nà ilé òun. Ẹni tí ó ní kó fẹ́ òun lójú, ata ló fi sẹ́nu. Inú bí i dé ibi tó fi ká àwọn ojú ewé rẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí ọ̀pá.

Ìyáàfin Tamblyn wo ọwọ́ náà. "Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí fún gbogbo ènìyàn," ló wí. "Ẹni tó buwọ́ lu fọ́ọ̀mù lè fà á yọ nígbàkígbà kí n tó pa ìgbẹ́jọ́ dé. Tó bá ti fà á yọ, mo máa gbọ́ ojú ewé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ẹ jẹ́ ká sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi gbígbóná àti bisikíìtì tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, ni Averil ti bá Noeline.

"Ọjọ́ kọkànlá," ló wí. "Mo wà nílé rẹ lọ́jọ́ yẹn. Ó wà nínú ìwé mi. Ojú ọjọ́ mọ́ gaara."

"Averil, fetí sílẹ̀—"

"Kí n tó dé ni àbí lẹ́yìn tí mo lọ?"

"Kí o tó dé. Aago mẹ́wàá ni Brent wá."

"Yíǹkì ọwọ́ rẹ ò tíì gbẹ tó o fi ń bu tíì fún mi."

"Ó ní òun máa ra ilé mi. Ta ló tún máa rà á, tí òjìji ilé yẹn bá ti ń bọ̀ lórí rẹ̀? Ó ní àfi kí n buwọ́ lù ú. Janine ní kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun ní Nelson. Oòrùn pọ̀ níbẹ̀. Averil, àyà mi ò lè gba ìgbà òtútù kan sí i níbí."

"Ṣé mo ní kó o má lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ ni? Ká ní o sọ ọ́ ni, èmi gan-an ni mo máa bá ọ di ẹrù. Kí ló dé tó o fi ń jẹ́ kí n máa ka oòrùn tó o ti tà?"

Ohùn Noeline kéré. "Ojoojúmọ́ lò ń wá. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ ti kú ni o ò ti wá lójoojúmọ́ mọ́, iṣẹ́, iṣẹ́. Ó ń dùn mọ́ mi pé ò ń wá. Mo ní lọ́la ni màá sọ fún ọ. Lọ́la tún dé, mo tún ní lọ́la."

"Ìwé tó o gbà pé o fẹ́ bá mi kà ńkọ́? Ìyẹn náà, lọ́la ni?"

Noeline ṣí báàgì rẹ̀, ó sì tún pa á dé.

"Fà á yọ," ni Averil wí. Kò bẹ̀bẹ̀ rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń bẹ̀bẹ̀ báyìí. "Noe. Mi ò ní béèrè nǹkan mìíràn lọ́wọ́ rẹ mọ́ láé. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn."

"Mi ò lè ṣe é. Janine ti kun yàrá náà ní ọ̀dà dè mí."

Wọ́n padà wọlé, ọ̀kan ṣáájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ìyáàfin Tamblyn bi Noeline bóyá ó ní ohun tó fẹ́ yí padà. Noeline dìde, ó ní, "Kó wà bó ṣe wà, ma," ó sì jókòó. Ikọ́ tó ní òun máa wú kò wá.

Lọ́yà Brent ló kàn. Kò pariwo, kò sì nílò rẹ̀. Ó ní nínú aládùúgbò méjì tí ọ̀rọ̀ kàn, ọ̀kan ti fọwọ́ sí i, èkejì sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun máa fara gbá "díẹ̀." Ó ka ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ọjọ́ tí kánsù dá fún gbígba ìwé tuntun sì ti kọjá.

Ìyáàfin Tamblyn gbé bírò, ó sì fa ìlà gbọọrọ sójú ewé kan nínú ẹ̀dà ìwé Averil tó wà níwájú rẹ̀, ó ṣí èkejì, ó fa ìlà, títí ó fi pé mẹ́sàn-án. Kì í ṣe pé inú rẹ̀ dùn sí i. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè.

"Ìyáàfin Strachan, ìwé tuntun ti pẹ́, ṣùgbọ́n mo lè bi yín ní ìbéèrè lórí gbólóhùn tó wà nílẹ̀. Ẹ sọ fún mi nípa ilé tiyín. Kí lẹ̀ ń fi oòrùn ìrọ̀lẹ́ ṣe?"

"Mo ń fi ránṣọ, ma. Òun ni mo fi ń jẹun."

"Ó dára. Nínú oṣù kẹfà, aago mélòó ni oòrùn ń kúrò lójú fèrèsé yín? Tí mo bá mọ ìyẹn, mo lè gbé e ka àwòrán òjìji wọn, kí n mọ wákàtí tẹ́ ẹ máa pàdánù. Láìsí i, ọ̀rọ̀ 'díẹ̀' yẹn nìkan ló kù sí mi lọ́wọ́, mi ò sì lè fi ìyẹn dá ilé kankan dúró."

Averil la ẹnu. Ó ṣí ìwé pélébé rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Gbogbo ọjọ́ tó mọ́ gaara ní oṣù kẹfà ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìṣẹ́jú wọn, ilé ìdáná Noeline ni gbogbo rẹ̀. Bó bá fi máa darí dé ilé lẹ́yìn tíì, ilẹ̀ á ti máa ṣú. Ṣáájú ìyẹn, ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ìmọ́lẹ̀ yẹn ṣiṣẹ́ láìwo aago rí, torí ta ló ń wo aago ohun tó ń wá fúnra rẹ̀ lójoojúmọ́? Ó fẹ́ méfò. Ó wo Ìyáàfin Tamblyn tó ń dúró dè é pẹ̀lú sùúrù, kò sì lè méfò.

"Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú."

Ẹ̀yìn ni ohùn náà ti wá. Noeline ti dìde dúró, ó di báàgì rẹ̀ mú níwájú ikùn.

"Aago mẹ́rin ku ogún, láàárín oṣù kẹfà," ló wí. "Láti ibi ìfọwọ́ mi, ojú fèrèsé rẹ̀ ni mò ń wò. Gíláàsì náà á máa tàn, tó bá ku ogún ìṣẹ́jú á kú pii. Tí Averil kò bá jáde, á dìde, á tan iná, á sì gbé aṣọ náà sún mọ́ ojú rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń wò ó."

Lọ́yà ti dìde. Ìyáàfin Tamblyn na ọwọ́ sí i kó jókòó.

"Ìyáàfin Rutter, ẹ kò sí nínú ẹjọ́ yìí mọ́. Mi ò lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín." Ó yíjú sí Averil, ohùn rẹ̀ sì yí padà díẹ̀. "Ṣùgbọ́n Ìyáàfin Strachan wà níbẹ̀. Tí ẹ̀yin bá sọ fún mi pé bó ṣe rí nìyẹn, lẹ́nu ara yín, mo máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

Ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n ń retí. Averil mọ̀ pé òtítọ́ ni. Ó tilẹ̀ ń rí ara rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, tó ń gbé aṣọ sún mọ́ ojú. Ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Noeline ń mi orí sí i díẹ̀díẹ̀, pé kó gbà, kó sọ bẹ́ẹ̀ ni, ojú rẹ̀ sì kún fún omi bí ẹni tó ń fúnni lẹ́bùn.

Averil yọ gíláàsì rẹ̀. Ó kó ojú ewé mọ́kànlá rẹ̀ jọ.

"Mi ò mọ̀, ma," ló wí. "Ẹni tó mọ̀ ọ́n ti buwọ́ lùwé pé kò kan òun."

Ìyáàfin Tamblyn dé bírò rẹ̀, ó sì pa ìgbẹ́jọ́ dé.